Ọjọ́ Tí Mo Pa Àna Mi Láyò

Ọjọ́ tí mo pa àna mi láyò kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni òpè tí wọ́n ń pa.

“Tíṣà, ìwé nìkan lo mọ̀!” ni wọ́n ń wí.

A tún jókòó ti ọpọ́n lọ́jọ́ náà. Mo ń kó ọmọ ayò jọ sílé kan títí ilé tiwọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo wá tà á yí ọpọ́n ká, mo jẹ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

“Òpè!” ni mo pariwo.

Ìyàwó mi yọjú. “Ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń pè lópè?”

Kíá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n wa. Ṣùgbọ́n òpè ni yín ṣá!”