Oògùn Tí Wọ́n Fún Mọ́mì

Bàbá mi ni wọ́n kọ̀, màmá mi ni wọ́n gbà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní àtọ̀gbẹ, Dádì ló tilẹ̀ kọ́kọ́ ní in, ó sì ti ń bá a fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ti Mọ́mì tó yọjú. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kéde pé àwọn ń wá àwọn tí yóò bá wọn dán oògùn ṣúgà tuntun kan wò, Dádì ló kó wa lọ. Ó wọ kóòtù ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ìgbéga. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí èsì dé, nọ́ọ̀sì ibi ìwádìí náà ní kíndìnrín Dádì kò dára tó èyí tí àwọn lè fi oògùn tuntun dán wò, ṣùgbọ́n ti Mọ́mì dára.

Dádì kò bọ́ kóòtù náà títí a fi padà dé ilé wa ní Festac. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fo èèyàn dá nígbà ìgbéga, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó torí kíndìnrín fo òun dá rí.

Dókítà tó ń darí ìwádìí náà ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn máa pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan á gba oògùn tuntun náà, apá kejì á gba ohun tó jọ ọ́ láwọ̀ àti nítóbi, ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, dókítà gan-an kò ní mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìfẹ́ inú ba èsì jẹ́. Gbogbo wọn á sì máa lo oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, ti ìwádìí á kàn lé e lórí. Ó bi Mọ́mì bóyá ó yé e, Mọ́mì ní ó yé òun. Ó yé e lóòótọ́, olùkọ́ ìjọba ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kàn dá a lójú pé Ọlọ́run ò lè fún òun ní èyí tí kò ní nǹkan nínú.

Ohun tí èmi kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé Mọ́mì kò fi oògùn náà kan ẹnu rárá. Dádì ló ń fún.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí i kí Mọ́mì jẹ nǹkan tó dára kí Dádì tó jẹ ẹ́. Itan adìẹ, ti Dádì ni. Iwe adìẹ, ti Dádì ni. Bí èèyàn bá ti òkè òkun dé tó fún un ní bísíkíìtì, inú páálí rẹ̀ ló máa wà títí Dádì á fi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n wá gbé oògùn tuntun lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa dá a lò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan lò.

Láràárọ̀, tí a bá ti ṣe àmín àdúrà tán, Dádì á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, Mọ́mì á fi hóró kan sí i. Mo rò pé oògùn tirẹ̀ ni. Kò sì pẹ́ tí Dádì fi pa oògùn tirẹ̀ tì pátápátá, torí ó gbà pé ọ̀gá méjì kì í jókòó nínú ọ́fíìsì kan. Kò yẹ ṣúgà rẹ̀ wò mọ́. Mọ́mì ni wọ́n ń yẹ̀ wò ní Amúwo, ti Mọ́mì sì ń lọ sílẹ̀, nítorí wọ́n ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa wọn oúnjẹ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ń pè é lórí fóònù, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwádìí náà sì jọ ń rìn yí àdúgbò ká. Bí ó bá ti mú èsì dé, Dádì á gbà á kà, á ní, "Ó ti ń lọ sílẹ̀. A dúpẹ́."

Mo bi í nígbà kan pé, "Dádì, tiyín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ara kan ni tọkọtaya. Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣé ìkòkò kan náà kọ́ la ti ń jẹun ni?"

Ìyá mi ló máa ń pè mí, ó ní ojú ìyá òun ni mo mú wáyé. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo ilé òun sàn, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn òjò kan, káfíńtà wá tún nẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà wa ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí táìsì pálọ̀, ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, láti ibi ìjókòó Dádì dé ẹnu fíríìjì, ó sì tún padà. Dádì ń wo ìròyìn.

Mo ní, "Dádì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ yín."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ta ni?"

Mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Ìṣó kan ti gba ìsàlẹ̀ sílípáàsì rẹ̀ wọ inú ẹran, ó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ọ̀sán. Kò dùn ún. Ó ń wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ àlejò ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn sì ni ìgbà ìkẹyìn tí mo rántí pé nǹkan kan bà mí lẹ́rù.

Egbò náà kọ̀, kò jinná. Dádì ní òun ń lo oògùn tuntun, pé ó máa san. Nígbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un bèèrè oògùn tó ń lò. Dádì ní kí ó bi Mọ́mì. Mọ́mì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Oògùn mi ni wọ́n ń lò, sà."

"Oògùn yín báwo, Mọ́mì?"

"Èyí tí wọ́n fún mi níbi ìwádìí. Wọn ò gba Dádì. Mo wá ń fún wọn ní tèmi."

Wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà ìwádìí. Ó di dandan kí ó wo ohun tí gbogbo wọn ti gbà láti má ṣe wò, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà lára Dádì. Ó pe Mọ́mì àti èmi sí kọ̀rọ̀. Kò bínú. Ó ní Mọ́mì wà lára àwọn tí wọ́n ń fún ní èyí tí kò ní nǹkan nínú. Ó ní kì í ṣe májèlé, kò lè ṣe Dádì ní nǹkan kan. Ó tún un sọ, pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Mọ́mì ní, "Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri níbẹ̀ tó ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Mo kà á tán, mo tún un kà. Mò ń retí kí ẹkún dé, kò dé. Ara mi kú, ó sì kú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Dádì nísàlẹ̀ orúnkún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa láti Alákijà àti Ijegun-Egba, wọ́n gbé mọ́ọ̀tì dání, wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ ìdí. Mọ́ọ̀tì fún alátọ̀gbẹ. Mo ní àmín, mo kó o sí fíríìjì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni Dádì ń sọ fún pé bí kì í bá ṣe oògùn tí ìyàwó òun yọ lẹ́nu ara rẹ̀ fún òun ni, ẹsẹ̀ méjèèjì ni ì bá lọ. Tó bá ti dé ibẹ̀, Mọ́mì á dìde, á wọ kíṣìnnì lọ. Dádì ti padà sí oògùn tirẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú ìráhùn ni. Ó ń retí kí Mọ́mì tún rí tuntun gbà.

Mo bá Mọ́mì ní kíṣìnnì. Mo ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún Dádì."

Ó ní, "Kí n sọ pé kí ni?"

Mo bá a gbọn ẹ̀wà tó ń ṣà.

Ìwádìí náà parí. Wọ́n ní oògùn náà ṣiṣẹ́, kí àwọn tí kò gba ojúlówó wá gbà á. Wọ́n ti yọ èsì Mọ́mì kúrò nínú tiwọn, ohun tó sì tọ́ ni, àmọ́ wọ́n fún òun náà. Nọ́ọ̀sì di ìgò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan o. Kíndìnrín Dádì ò lè gba èyí. Wàhálà gidi ló máa fà." Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, Mọ́mì gbé ìgò náà lé itan títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ṣe àmín àdúrà. Dádì rí ìgò tuntun náà lórí tábìlì. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun," ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Mọ́mì yọ hóró kan. Ó wò ó. Ó gbé e sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu omi lé e. Mi ò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọwọ́ Dádì ṣì wà nílẹ̀ lórí tábìlì. Mọ́mì mú oògùn Dádì jáde, ó fi í sí i.

Ó ní, "Tiyín nìyẹn. Èyí tí mo ń fún yín nígbà yẹn, ẹfun lásán ni, Dádì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Dádì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí wọ́n tó gé e."

Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ka lẹ́tà ọ́fíìsì sí létí. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Kíṣìnnì kò jìnnà, ife tó mọ́ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́mì kò dìde. Ó ti ife ọwọ́ rẹ̀ sí i. Èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ni Dádì fi gbé tirẹ̀ mì.