Ẹni Tí Kì Í Ráhùn

Títí dòní, bí mo bá rí yíǹkì pupa lórí ìwé ọmọ iléèwé, inú a máa bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí olùkọ́ èdè Faransé fún wa ní àyọkà kan, nípa àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ń la ilẹ̀ yìnyín kọjá. Ayafọ́tò kan wà láàárín wọn. Nígbà tí òtútù fẹ́ pa ẹnì kejì rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ fún un. Òtútù jẹ ìka mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ya fọ́tò lọ, kò sì ráhùn. Wọ́n ní ká ṣàlàyé ìwà ọkùnrin náà, ká sì fi hàn bó ṣe fara rẹ̀ rúbọ. Àwa ọmọ Niamey, tí yìnyín tí a mọ̀ kò ju ti inú omi ọ̀rá tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà iléèwé lọ!

Mo kọ ọ́ bí ẹni tó débẹ̀ rí. Mo tilẹ̀ ti ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru, kí n lè mọ bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń rí, òógùn sì bò mí. Gbólóhùn tí mo fi parí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn ẹlòmíràn ju ara rẹ̀ lọ kì í ráhùn. Olùkọ́ fi yíǹkì pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀, ó kà á sí gbogbo kíláàsì létí, ó sì fún mi ní méjìdínlógún nínú ogún. Mo wú bí àkàrà inú epo.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún méjì jù mí lọ, kò lọ síléèwé mọ́. Alùpùpù ló gbá ìyá wa nítòsí ọjà Petit Marché, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Bàbá wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Maourey, ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá máa jókòó ti ìsọ̀ dípò ìyá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi san. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Ẹsẹ̀ san, ìyá wa tún ń rìn káàkiri ọjà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nídìí aṣọ. Ọ̀gá iléèwé wá ránṣẹ́ pé bí kò bá yọjú lọ́jọ́ tí a bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi, òun yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìwọlé, àáfà ará Ìlọrin tó ń kọ́ wa ní Kùránì bá bàbá wa wálé lẹ́yìn ìrun. Bàbá, tí kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, ní kí n gbé ìwé mi wá, kí n túmọ̀ rẹ̀ kí àlejò gbọ́. Mo dúró ṣánṣán, mo kà á tán pátá. Wọ́n ṣàdúà fún mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àmín ni ẹ̀gbọ́n mi gbé tíì wọlé, ó rí i pé inú bàbá dùn, ó sì kúnlẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ ìyá ti san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà síléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Bàbá kò tilẹ̀ bínú. Ó nawọ́ sí ìwé mi. “Ṣé o ò gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ kà ni? Ẹni tó fẹ́ràn ará ilé rẹ̀ kì í ráhùn. Kala súúrù.”

“Àfi sùúrù” ni ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí àwọn Zarma, onílẹ̀ Niamey, fi ń tu ẹni tí òfò ṣẹ̀ nínú nìyẹn, bàbá mi sì fi kí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ń gba iléèwé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àáfà ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. Èmi náà dákẹ́, nítorí adùn àdúà wọn kò tíì tán létí mi.

Ní àgbàlá, ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, “Ọkùnrin inú ìwé rẹ yẹn, ṣé wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí òun ló bọ́ ọ?”

Mo ní òun ló bọ́ ọ.

“Ẹn-ẹ́n,” ló wí, ó sì lọ fọ ife. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́ sórí ẹlòmíràn. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ níléèwé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Olùkọ́ lèmi náà dà. Àyọkà yẹn ṣì ń bẹ nínú ìwé, ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà. N kì í jẹ́ kí ọmọ kankan dáhùn rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ẹni tó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Ọ̀gá mi ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Kó máa wí. Ní ọdún tó kọjá, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí ìsọ̀ kan náà ní Maourey, mo sọ fún un pé inú ṣì ń bí mi sí bàbá wa tó ti kú, sí àáfà, sí olùkọ́, àti sí ara mi jù lọ.

Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, “Máa bínú lọ. Èmi ò lè bínú nígbà náà, torí o ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé n ò gbọdọ̀ ráhùn.”

Mo di etí aṣọ kejì mú, a sì jọ ká a.