Àgbà Méje ní Rye Lane

Ẹran ni mo lọ rà. Kí n tó sọ ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n gé fún mi, bàbá ará Ìbàdàn tó ń ta ẹran ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ń yọ̀ mọ́ mi. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o! Àwọn ọmọ yín wá síbí lánàá. Èyí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì, nínú òjò! Nílùú òyìnbó yìí kẹ̀! Mo ṣàdúrà fún wọn títí ẹnu fi ń ro mí." Orí mi wú. Wọ́n fi egungun méjì lé ẹran náà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ń yan lọ sílé bí ẹni tó bí ọba.

Nígbà tó yá, kò síbi tí mo yà sí ní Rye Lane, òpópónà ọjà wa ní Peckham, tí wọn ò ti kí mi. Àlùhájà tó ń ta aṣọ kí mi. Àfáà kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, èmi tí n kì í ṣe mùsùlùmí. Ìyá àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun dì mọ́ mi níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àwọn ọmọ yín lẹ́kọ̀ọ́. Èmi á ní, "Ọlọ́run ni o," ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ara mi ni mò ń yìn, kì í ṣe Ọlọ́run.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n. Èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ méje. Bàbá wọn ló kọ́kọ́ kú. Kò ju ọdún kan lọ tí àìsàn fi mú ẹ̀gbọ́n mi náà lọ. Wọ́n gbé báàgì kọ̀ọ̀kan wá bá mi ní fláàtì mi lókè kẹta, yàrá kan àti pálọ̀. Èyí obìnrin ń bá mi sùn, ọkùnrin ń sùn lórí àga. Tí òtútù bá dé, pálọ̀ nìkan la máa ń mú gbóná, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa ń wọ kóòtù jẹun. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní East Dulwich. Tí mo bá bọ́ síbẹ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wà ní Manchester, nínú ilé oníyàrá mẹ́rin. Bọ̀dá pè mí lọ́jọ́ kan pé àwọn lè gba ọkùnrin, kí n mú obìnrin dání, pé ẹrù náà á fúyẹ́ lọ́rùn mi. Mo rò ó títí, mo gbà. Mo ní tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, kí wọ́n wá mú un. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn ọmọ ò tíì gbọ́. Ọmọ tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹ, kí ni kò gbọ́?

Nígbà náà ni ìdọ̀bálẹ̀ bẹ̀rẹ̀. N ò so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì, àfi pé yúnífọ́ọ̀mù ọmọkùnrin náà ń dọ̀tí láyà lójoojúmọ́, tí mo ń fọ̀ ọ́ tí mo ń ṣépè fún òjò. Wọ́n sì máa ń fajú ro wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin ju báàgì sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá ògiri. "Dókítà ni wọ́n tún fún wa!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ó sàn ju ti àná lọ. Wọ́n ní ọlọ́pàá ò ní mú wa." Mo rò pé eré ilé-ìwé ni.

Sátidé kan, ọmọ arúgbó tí mò ń tọ́jú wá gbé e jáde, mo sì tètè padà sílé. Mo gbóhùn wọn láti pálọ̀, nínú Yorùbá wọn tó ń ta kókó mọ́ òyìnbó. Èyí obìnrin ló ń sọ̀tàn. Ayaba Onísísọ́ọ̀sì kan wà, ó ní, ààfin rẹ̀ wà lábẹ́ adágún omi tó wà ní Peckham Rye. Àwọn ọmọ ìyá kan náà tí kò ní ìyá mọ́ ló máa ń wá kiri, á gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí ẹnu sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kú: kí àgbà méje fi ẹnu ara wọn ṣàdúrà pé "ẹ ò ní pínyà". Wọn ò gbọdọ̀ bẹ àgbà, wọn ò gbọdọ̀ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Kí wọ́n ṣáà kí i dáadáa, kí wọ́n máa retí.

"Ẹni mélòó ló ti sọ ọ́?"

"Ìyá aláṣọ funfun nìkan."

Ọkùnrin tún ní, "Kí ló dé tí a ò ṣe é fún Àǹtí?"

"Àwọn ni Ayaba náà. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀, idán ló mú wọn. Má sọ fún wọn o. Inú wọn á bàjẹ́."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Èmi? Èmi tí mò ń gbé arúgbó dìde, tí mò ń gbé e jókòó, kí wọ́n lè rí jẹ? Mo ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ìfọ́tí méjì ló wà nínú ọwọ́ náà. "Inú wọn á bàjẹ́" yẹn ló dá mi dúró. Mo padà sórí àtẹ̀gùn, mo jókòó, mo sunkún bí ìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Ẹ má rò pé mo yí ọkàn padà lọ́jọ́ náà o. Olórí kunkun ni mí. Mo ní, ṣé ìdọ̀bálẹ̀ ló máa gba yàrá kejì fún mi lọ́wọ́ káńsù tó ni ilé? Mo di báàgì ọmọkùnrin náà.

Ọjọ́ Àìkú ni Bọ̀dá dé, lọ́sàn-án. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá, bàtà tuntun ni wọ́n rà wá fún ọmọ náà. Wọ́n gbé báàgì rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, wọ́n padà wá jókòó mu tíì. Wọ́n ní, "Ó yá, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá kí Àǹtí, kí wọ́n ṣàdúrà fún yín ká tó lọ." Ọkùnrin na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ kan mú etí aṣọ àbúrò rẹ̀.

Mo gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹnu àgbà ṣe máa ń ṣe. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Ojú ò ní tì yín. Ohun tó kàn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo wo ọwọ́ mi lórí wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọwọ́ yìí súre ohun tí ọwọ́ kejì ti bà jẹ́? Ọkùnrin ti la ẹnu sílẹ̀ de "àmín". Obìnrin ò gbójú sókè.

Bọ̀dá ní, "Àmín o," kí ọ̀rọ̀ lè parí.

"Kò tíì parí," ni mo wí. "Ẹ ò ní pínyà."

"Àmín!" Igbe tí ọmọkùnrin náà fi ṣe é, aládùúgbò gbá ògiri.

Mo kọjú sí Bọ̀dá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò lọ mọ́."

"Ṣé ẹ mọ bí ọ̀nà tí mo rìn ṣe jìn tó? Níbo ló máa sùn tó bá di géńdé?"

"N ò tíì mọ̀, Bọ̀dá. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà ni."

Wọ́n gbé ife sílẹ̀. Wọ́n jáde. Mo rò pé wọ́n ti bínú lọ. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: báàgì ọmọ náà ni wọ́n gbé padà sókè, wọ́n ń mí hẹlẹ. Wọ́n ní bàtà yẹn tóbi díẹ̀, ó máa tó o lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn á máa wá wò wọ́n.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, ọkùnrin ń fò káàkiri pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò dìde. Láti ìgbà ìsìnkú ìyá rẹ̀, n ò rí omi lójú ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó bú sẹ́kún. Àbúrò rẹ̀ ní, "Kí lò ń sunkún sí? Kò tíì pé méje, a ti borí!"

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Orúnkún ń dùn mí."

Èmi àgbà, mo kúnlẹ̀ síwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. N ò dìde.