Pèrègún Lẹ́bàá Ilẹ̀ Bàbá Àṣírù

Matilda, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni já ewé kan nínú ọgbà rẹ̀. Lọ́dún 1984, ó gbé pèrègún bọ̀ láti igbó Ibefun, ó gbìn ín lẹ́bàá ilẹ̀ Bàbá Àṣírù, aládùúgbò rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ tó máa ń ta sánsán nírọ̀lẹ́ ló ń wá. Ó gbàgbé pé pèrègún náà làwọn èèyàn fi ń pààlà ilẹ̀. Bàbá Àṣírù rí i, kò sì yà kí i mọ́. Oorun dá lójú Matilda.

Nígbà tí pèrègún tanná, bàbá wọlé tòun tàdá.

"Bàbá, mi ò fi pààlà o. Òdòdó rẹ̀ ni mo fẹ́."

"Ààlà ni mo kọ́kọ́ rò, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń wọ yàrá mi lálaalẹ́, mo wá rí i pé olè ilẹ̀ kì í gbin òórùn dídùn. Ẹ jẹ́ kí n gé ẹ̀ka kan, kí n lọ gbìn ín sábẹ́ fèrèsé mi."

Matilda mí kanlẹ̀.

"Ẹ gé méjì, Bàbá."