Ojú Ọ̀run Tí Dókítà Àwòrán Kùn

Dókítà Àwòrán ni wọ́n ń pè é ní ilé ìtàwòrán tó ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ ọ̀hún sì máa ń dùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́, àwọn tó máa ń ru ọ̀dà lọ sétí odò nítorí kí wọ́n lè ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Èyí tó bá bó tàbí tó ya, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e lọ bá obìnrin yìí. Itọ́ ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń rin òwú tó fi ń nu ìdọ̀tí ojú wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àṣé ojú ti ń ṣe é bàìbàì. Kò sọ fún ẹnì kankan. Opó ni, kò bímọ, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn; bí ọ̀gá bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, òun fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tọ́jú àwòrán.

Ọ̀kan dé tí ojú ọ̀run inú rẹ̀ ti bó káàkiri. Ó dí gbogbo ibi tó bó, ó po búlúù, ó kùn ún. Ó wá pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń kí àwọn oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bá mi wò ó. Ṣé ó bá a mu?"

Àbúrò wò ó. Ibì kan ti di àwọ̀ ewé. Ó gbójú sókè, ó rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń retí èsì, àánú sì ṣe é.

"Ó bá a mu, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Àánú burúkú gbáà! Ká ní ó sọ òótọ́ ni, wọn ì bá ti nù ún kúrò kó tó gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó fẹ́ ra àwòrán náà sún mọ́ ọn, ó fajú ro, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kí àbúrò lọ pe Dókítà wá. Kò tilẹ̀ pariwo.

"Mà, kí lẹ kùn síbẹ̀ yẹn?"

Obìnrin náà wo àwòrán títí. Búlúù kan náà ló ń rí. Ó nawọ́ sí ibì kan.

"Ṣé ibí yìí ni?"

"Rárá o."

"Ibí ńkọ́?"

Ojú obìnrin náà ni ọ̀gá ń wò báyìí, kì í ṣe àwòrán. Dókítà yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ kó má ta sí ọ̀gá létí.

"Jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ń wí?"

Ẹkún ni àbúrò fi dá a lóhùn.