Rọ́bà ni Ẹja Jẹ Lábẹ́ Yìnyín Dobcross

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, kò sì dùn mí, nítorí àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kò tíì gbà mí gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Manchester níbí, mo jókòó lórí omi, mo na ẹsẹ̀ lórí omi, mo jẹ búrẹ́dì lórí omi, mo sì rí ẹja tó wá jẹ rọ́bà lábẹ́ ibi tí mo jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán kí n lè ráyè sọ̀rọ̀.

Hulme là ń gbé nígbà náà, nínú àwọn ilé alájà gíga tí wọ́n ti wó dànù báyìí. Ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá mi ń kàwé, ó sì tún ń bá wọn po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì. Ìgbà tí ìyá mi wá bí àbúrò mi obìnrin, kò sí ẹni tí yóò mójú tó ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, ẹ máa ń ṣàròyé pé owó ilé ìtọ́jú ọmọ ti pọ̀ jù. Ẹ kú ìrọ́jú. Nígbà tiwa, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá kàwé ń ṣe ni pé wọ́n ń kó ọmọ fún ìyá òyìnbó kan ní ìgbèríko, pé kó bá wọn tọ́ ọ títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò tán. Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó ń pe ìyá tó bí i ní àǹtí. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ìyá bàbá mi ló wá gbà wá sílẹ̀. Ó ti Ẹ̀pẹ́ wá láti tọ́jú ọmọ. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, ilé apẹja, ó sì kọ pélé tó jinlẹ̀ dáadáa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọn ọmọ àdúgbò wa máa ń bi mí bóyá ológbò ló ha á lójú. Mo ní kìnnìún ni. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ìlú yìí kò bá a lára mu. Kì í ṣe òtútù nìkan. Ó máa dúró lójú fèrèsé, yóò wo igi tí kò ní ewé, yóò wo oòrùn tí kò lè gbẹ ìtẹ́dìí ọmọ, yóò sì mi orí. Ẹja ló burú jù. Ìyá mi gbé ẹja jáde láti inú fíríìsà lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà gbà á, ó fi kan ilẹ̀kùn, kọ́ kọ́ kọ́, ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ilẹ̀ yìí ti kú. Èmi ò sì lè jókòó darúgbó sórí ilẹ̀ tó ti kú ṣáájú mi." Ó ní kí bàbá mi wá ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé òun padà sílé.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyókù, abẹ́ tábìlì ni mo wà, mò ń wá bọ́ọ̀lù. Bàbá mi ń sọ fún ìyá mi pé, "Màmá máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá òyìnbó ẹ̀bá òkun tó fẹ́ bá wa tọ́ ọmọ ní kí n kó àwọn méjèèjì wá láàárọ̀ Sunday, kí wọ́n lè tètè mọ́ òun lára." Aṣọ ọmọ ni ìyá mi ń ká. Ó ká a tán, ó tú u, ó tún un ká.

Nísàlẹ̀ ilé wa, bàbá arúgbó kan wà, ará Poland, tí ogun gbé dé ìlú yìí, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tó ń ṣe láyé ni ẹja pípa. Òtútù ọdún yẹn mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó rí ogún jẹ. Ó sọ fún mi pé adágún omi kan wà ní apá Dobcross, lórí òkè lọ́hùn-ún, tí àwọn ilé ìhunṣọ àtijọ́ gbẹ́, pé omi náà ti dì gbagidi, òun yóò sì lọ pẹja lórí yìnyín bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òun. Mo bi í bóyá ẹja ibẹ̀ wà láàyè. Ó wò mí. Ó ní, "Wọ́n wà láàyè jù ọ́ lọ."

Mo sáré gòkè. "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹja tó ń mí."

"Níbo? Nínú fíríìsà tó tóbi ju tiwa lọ?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní òun á lọ, kí n lè gbẹ́nu dákẹ́.

Báyìí ni ọjọ́ Sátidé ṣe bá wa ní Dobcross, èmi, ìyá àgbà àti bàbá ará Poland, nínú mọ́tò rẹ̀ tó ń tú èéfín bí àdìrò. Ìyá àgbà wọ kóòtù bàbá mi lé ìró, ó wé gèlè méjì, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. Bàbá náà kọ́kọ́ dá nìkan lọ sórí omi, ó ń fi irin gún yìnyín kó lè mọ bó ṣe nípọn tó. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó padà wá na ọwọ́ sí ìyá àgbà.

Ìyá àgbà ò mira. "Pétérù tí Jésù fúnra rẹ̀ pè, ó rì. Èmi, ta ló pè mí?"

"Èmi ni, ìyá àgbà."

Ó wo ojú mi. N ò mọ ohun tó rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó di èjìká mi mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ sórí omi.

Bàbá náà ti lu ihò sínú yìnyín. Omi dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Omi ni." Ni bàbá wá ṣí agolo kékeré kan. Ilẹ̀ ti le jù láti wú ekòló, rọ́bà ló wà nínú agolo: kòkòrò rọ́bà tó rọ̀ bí etí ọmọdé, tí kò gùn ju èékánná lọ, tí ìrù rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ó fi ọ̀kan kọ́ ìwọ̀ kékeré tí wọ́n da òjé sí lórí, tí wọ́n ń pè ní jig.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ẹja ni, ìyá àgbà. Bàbá ní tó bá ti ń mi ìrù, ẹja ò ní mọ̀ pé rọ́bà ni."

"Ẹja Ẹ̀pẹ́ á mọ̀."

Bàbá bi mí pé kí ni màmá wí. Mo ní ó ní ó dára.

Ó jù ú sínú omi. Igi ìpẹja rẹ̀ kò gùn ju orógùn lọ. Ó jẹ́ kí òjé dé ìsàlẹ̀, ó fà á sókè díẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n wẹ́rẹ́, ó dá a dúró. Kò pẹ́ tó fi fa ẹja kékeré kan yọ. Ó tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó dá a padà sínú ihò.

Ìyá àgbà mi orí sí i. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni bàbá yìí. Bàbá tèmi náà kì í gbé ẹja àkọ́mú lọ sílé, omi ló ń dá a padà fún."

Ó tún mú òmíràn. Ó tún dá a padà. Ojú ìyá àgbà yí. "Ó ti fún omi tán, ta ló tún ń fún?" Nígbà tó dá ẹ̀kẹta padà, ó ní, "Bi bàbá yìí bóyá ara rẹ̀ yá."

Bàbá ṣàlàyé, mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ apẹja kan ló ni omi náà. Wọn kì í mú ẹja lọ sílé. Bí wọ́n bá ká ẹnikẹ́ni mọ́ ọn, wọn yóò lé e kúrò lẹ́gbẹ́, kò sì ní dé ibẹ̀ mọ́ láyé.

"Ṣé oúnjẹ ni wọ́n ń fi ṣeré?" ni ìyá àgbà wí. Mo mú un wá kó lè rí i pé ilẹ̀ yìí kò kú, ohun tó sì wá rí ni pé wèrè ló ń ṣe é.

Ó gba igi lọ́wọ́ bàbá. Ó ń mì ín bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Bàbá ní kó rọra. Mo ní, "Ìyá àgbà, ó ní kí ẹ rọra, pé ìrù rẹ̀ nìkan ni kó máa gbọ̀n."

"Sọ fún un pé mo ti ń mú ẹja kó tó mọ òkò sọ."

"Ó ń dúpẹ́," mo wí fún bàbá.

Síbẹ̀ ẹja kankan ò wá. Ó wá gbé igi sílẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wé okùn mọ́ ìka rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀sà, ó sì dijú. Ìka náà ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tó bá ń pọn àbúrò mi kó lè sùn. Ó dúró. Ó tún mì. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà kó tó fọhùn.

"Ó ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn, ẹja sì yọ: ó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, lẹbẹ rẹ̀ pupa, ó sì ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ìyá àgbà ti ń fa ọ̀rá jáde nínú àpò kóòtù. Bàbá rí ọ̀rá náà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Èmi ń gbàdúrà kó gbé e sínú ọ̀rá. Kí wọ́n lé bàbá lẹ́gbẹ́ bí wọ́n bá fẹ́, tí ọbẹ̀ kan bá lè dá ìyá àgbà dúró.

Ó gbé ẹja náà sókè, ó sì dúró. Ilà dúdú wà lára rẹ̀, gbọọrọ gbọọrọ, láti ẹ̀yìn dé ikùn rẹ̀.

"Wá wò ó," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó kọ pélé."

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Ta ló kọ ọ́ fún ọ nínú òtútù yìí? Ọmọ ta ni ẹ́?" Ó wò ó títí, ó wá tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ ilé wa kì í di ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi." Ó ki ọwọ́ bọ omi dídì yẹn, ó di ẹja náà mú níbẹ̀ títí agbára rẹ̀ fi padà, ó sì jẹ́ kó lọ. Ó ká ọ̀rá rẹ̀, ó fi í sápò. A padà sílé. Bàbá mi ti kó aṣọ mi sí orí àga de ìrìn àjò ọjọ́ kejì. Mi ò mọ ohun tí mo lè rò.

Ẹ jẹ́ kí n simi díẹ̀ níbí. Ayé ti yí o. Lónìí, ẹ máa rí ẹja tútù lóríṣiríṣi ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa. Rọ́bà ìpẹja yẹn ti wà ní gbogbo àwọ̀, wọ́n tiẹ̀ fi òórùn áyù sí òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà, inú fóònù ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ ọmọ, nítorí físà. Mo mú àwọn ọmọ mi lọ sí Dobcross nígbà òtútù tó kọjá. Omi ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dì rárá. Àwa náà ò kọ pélé fún ọmọ mọ́. Ó dà bíi pé ẹja yẹn nìkan ló kù tó ń kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe àbúrò mi ló jí mi. Mo dé ilé ìdáná. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fà á lápá, ó ń kì í. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ kóòtù, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó yá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ọjọ́ ń lọ. Ọ̀nà jìn."

"Ta ló ń lọ?"

Ìyá àgbà nu ọmọ, ó gbé e fún ìyá mi, ó wá fi ẹsẹ̀ ti ọpọ́n sọ́dọ̀ mi.

"Bọ́ aṣọ ẹ."

Ọmọkùnrin ńlá ni mí nígbà náà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá wẹ̀. Mo bọ́ ọ. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ilé fọ orí mi, ó fọ etí, ó fọ àárín ìka ẹsẹ̀, ara mi ń ta mí, ọṣẹ wọ ojú mi, ó sì ń kì mí bó ṣe ń kì àbúrò mi. Bàbá mi ti bọ́ kóòtù, òun ló ń bu omi lé mi lórí.