Ìrọ̀lẹ́ Tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Mi Dákẹ́

Ó ti tó ọdún mélòó kan, inú ṣì ń bí mi. Láíbìrì kan ní Woolwich, ní London, ló ṣètò ìrọ̀lẹ́ kan lórí ìgbésí ayé àti iṣẹ́ akéwì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ààfin yàn láti máa kéwì fún ìdílé ọba. Nítorí pé mo gboyè nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílé, wọ́n ní kí n ka ewì tó kọ fún ìgbéyàwó ọmọ ọba kan. Mo gbà. Mo mú ìyá mi dání láti Glyndon Estate, níbi tí à ń gbé.

Mi ò tíì kà ju ìlà mélòó kan lọ tí ìyá mi fi gbé oríkì mi láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn: bí ọmọ bá dìde láwùjọ, ìyá rẹ̀ á kì í, kí ojú má baà tì í.

Obìnrin òyìnbó tó ṣètò ìrọ̀lẹ́ náà sáré lọ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i.

"Kí ló wí?" ni ìyá mi bi mí.

"Ó ní kí ẹ dákẹ́, Mummy."

"Ṣé ọmọ tiẹ̀ ló ń kàwé ni?"

Uncle kan tó jókòó nítòsí rẹ̀ ní, "Mummy, ẹ rọra, àwọn ló ní gbọ̀ngàn."

"Àwọn ló ní gbọ̀ngàn, èmi ni mo bí ẹni tó ń kéwì!"

Obìnrin náà wá ní kí ìyá mi lọ dúró sí kọ́rídọ̀. Obìnrin yìí kan náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa níbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ akéwì ọba ni láti yin ẹni tó yẹ kí a yìn níwájú gbogbo ayé. Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́ láàárín ewì tó ṣáájú tèmi. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Obìnrin náà ò tiẹ̀ kí ìyá mi kó tó fọwọ́ kàn án. Mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú máìkì, mo ní, "Bí ìyá mi bá jáde, ewì yín náà jáde."

Wọ́n pa máìkì.

Mo bá rìn lọ sẹ́yìn, mo dúró ti ìyá mi, mo gbóhùn sókè. Bí mo bá ka ìlà kan, ìyá mi á kì mí. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbéyàwó lẹ́nu mi, àwọn baba ńlá mi ní Ìjẹ̀bú ń jáde lẹ́nu ìyá mi, títí ewì fi parí.

Wọn ò pè mí mọ́. Kí wọ́n má wulẹ̀ pè mí.